Kùmọ̀ Mẹ́ta Lórí Ààrá

Oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kẹjọ. Ìrì Funfun.

Ààrá, ajá ọkọ mi, tún gé ènìyàn jẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹni tó sì gé jẹ lónìí kì í ṣe ẹni tí mo lè fi ẹyin adìyẹ méjì bẹ̀. Ou Changgeng ni, olórí àwọn ọdẹ abúlé wa. Ó wá gba oògùn ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀kan nínú àwọn ajá rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sókè kó fi kan ilẹ̀kùn, àfi wìì! Ajá ti jáde lábẹ́ àga, ó ti gbá a lápá mú. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun. Mo fi ìgbálẹ̀ na Ààrá títí ọwọ́ ìgbálẹ̀ fi dá sí méjì, mo wá so ó mọ́ ìdí igi ọsàn.

"Suqin, ajá ọkọ ẹ ti ya wèrè," ni Ou wí.

"Baba Ou, kò ya wèrè. Inú ló ń bí i."

"Ajá tínú bá ń bí, kùmọ̀ loògùn ẹ̀."

"Ẹ na apá yín síbí kí n rán an ná. Ẹ lè máa lérí lọ bí mo bá ṣe ń rán an."

Òwú tí mo fi ń rán ẹran ni mo fi rán an, ojú márùn-ún, láìfi oògùn kankan pa ìrora rẹ̀. Kò mira. N ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, àmọ́ kì í ṣe ojo. Nígbà tó dìde, ó ní bí a ti ń ṣe é lọ́dọọdún náà la ó ṣe é. Lọ́jọ́ Ìrì Dídì, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó ń bọ̀, kí ọdẹ tó gun òkè, gbogbo ajá abúlé ni yóò dùbúlẹ̀ lábẹ́ kùmọ̀, òun yóò sì gbé kùmọ̀ sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá tó bá fò mọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni yóò kú sí.

"Tiẹ̀ bá fò, èmi fúnra mi ni n ó lù ú pa. Ìwọ lo máa gbẹ́lẹ̀ ẹ̀."

Ọjọ́ márùndínláàádọ́ta ló kù. Nínú gbogbo ohun tí Jiushan ọkọ mi fi sílẹ̀, Ààrá nìkan ló ṣì ń mí. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, kó kọ́kọ́ pa èmi.

Ọjọ́ kẹsàn-án.

Mo di ẹnu rẹ̀ lókùn, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti imú dé ìrù bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní iṣẹ́ dókítà ẹran. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí ajá yìí ti di ọ̀daràn, láti ọjọ́ tí ìmàdò ti fi eyín ya Jiushan nítan lórí òkè. Òun nìkan ló sá padà wálé lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lára ẹ̀, ó ń gbó mọ́ mi lójú, ó fi ẹnu fa ẹ̀wù mi títí ó fi ya. Ìbínú yẹn ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀pá ìrẹrù ni mo fi kí i káàbọ̀. Mo nà án bí a ṣe ń na ajá tó sá fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, títí apá fi ń ro mí. Mo ti dárí jì í, mo ń fún un lónjẹ, síbẹ̀ kò yí padà.

Nínú ẹ̀yà márùn-ún tí bàbá mi kọ́ mi pé ara ẹran àti ènìyàn pín sí, Igi ni. Kí ni n ò bá tún máa wá kiri? Ajá Omi a máa fara pamọ́, ajá Ilẹ̀ a máa jẹun a máa sùn, ajá Irin a máa dá dúró bí adájọ́, ajá Iná a máa bá gbogbo ayé ṣeré. Ajá Igi ló ń ṣáájú, tó ń bínú, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń gbóná. Àyà Ààrá fẹ̀, ó máa ń ṣáájú gbogbo ajá Jiushan. Etí ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ dà bíi pé ó funfun lójú mi, mo wá fà á jáde sínú oòrùn, mo wò ó títí mo fi rí pupa níbẹ̀.

Bàbá mi máa ń sọ pé Igi lèmi náà, pé ẹ̀dọ̀ mi ti gbóná kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi. Ta ló wá mọ ìbínú jù mí lọ?

Ọjọ́ kejìlá.

Omi egbò igi kíkorò láti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tutù, ife mẹ́ta lóòjọ́. Abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ léjìká. Mo fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún un létí kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè jáde. Ó ké bí ọmọ ènìyàn, ó sì tọ̀ sí mi ní bàtà. Mo fọ́ ọ lẹ́nu. Bàtà tuntun ni.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Òjò. Iyọ̀ ti wọ́n sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ààrá ò jẹun.

Ọjọ́ kọkàndínlógún.

Wọ́n lu ajá Kuang aládùúgbò mi pa lójú pópó láàárọ̀ yìí. Ọkùnrin mẹ́fà, kùmọ̀ mẹ́fà. Ẹnì kan ló ní òun rí ìfóòfó lẹ́nu rẹ̀, pé dìgbòlugi ni. Koríko tó jẹ ló ń bì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

"Dókítà, ẹ yẹra, kí ẹ̀jẹ̀ má ta sí yín láṣọ."

Ajá náà ò tètè kú. Ó wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ dé iwájú ilé ọ̀gá rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti fọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń lù ú. Mo gbọ́ nígbà tí agbárí rẹ̀ fọ́. Kuang dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọtí fọ ẹnu, ó ń tú u dà nù, kò wo ẹnikẹ́ni. Mo mú òkúta kan, mo sọ ọ́ lu ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, Chunmiao, àbúrò ọkọ mi obìnrin, wọlé. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá pa tiyín náà lónìí kó tán. Kí la ń retí Ìrì Dídì fún? Ṣebí ó fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ló sá lọ."

"Chunmiao, má bẹ̀rẹ̀."

"Ara ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbóná nígbà tí wọ́n rí i! Ká ní ẹnì kan tètè débẹ̀..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

"N ò pa á mọ́!"

Mo fọ́ ọ létí. Ó fọ́ tèmi náà. A wọ̀yá ìjà, a yí gbirigbiri lórí àgbàdo tí mo sá sí àgbàlá, mo fa irun rẹ̀, ó gé mi ní èjìká jẹ. Ṣùgbọ́n Chunmiao sanra, ó lágbára, kò pẹ́ tó fi jókòó lé mi lẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ti ṣe tán?"

"Dìde lára mi, màlúù."

"Ẹ bẹ̀ mí ná."

N ò bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí ó fi sú u. Kó tó lọ, ó bá mi kó àgbàdo jọ, ó ní kí n fi ọtí pa èjìká mi.

Ọjọ́ kẹtàlélógún.

Ọ̀sán àti òru dọ́gba lónìí. Ìgbà ìkórè ni ìgbà Irin, Irin ló sì ń gé Igi. Mo ti rò pé àsìkò fúnra rẹ̀ yóò bá mi ṣe é. Mo sọ egbò kíkorò di ìlọ́po méjì.

Ó burú sí i. Ó gé korobá jẹ. Ó gé òjìji aṣọ tí mo sá jẹ. Nígbà tí mo gbé ife oògùn dé, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó wọ abẹ́ ibùsùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo sọ ife mọ́ ògiri. Mo sọ ìkejì mọ́ ọn. Ife mẹ́rin ni mo ní tẹ́lẹ̀, ó ku méjì.

Ọgbọ̀n ọjọ́ ló kù.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Àwọn ìmàdò sọ̀kalẹ̀ sínú àgbàdo Kuang ní ìdájí. Ou kó ajá lọ bá wọn. Ìgbà tí oòrùn yọ ni wọ́n gbé mẹ́ta nínú àwọn ajá náà wá bá mi lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé. Ọ̀kan ti kú lójú ọ̀nà. Òkúta, ajá Ou tó tóbi gbọ̀ngbọ̀n, ya láti ọrùn dé apá. Ata ni ẹ̀kẹta, abo ajá pupa tí Ou fẹ́ràn ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ìfun Ata wà nínú fìlà Ou. Ó gbé e dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo fi omi iyọ̀ fọ ìfun, mo tì í padà, mo ń rán an, ó ń ya. Ata jẹ́ ajá Iná pọ́ńbélé, mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọmú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé, tó ń jáde, ó ń ju ìrù sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó ju ìrù sí mi pẹ̀lú. Ó tún jù ú lẹ́ẹ̀kan, kò wá jù ú mọ́.

Ou fi orí lu òpó ilé mi títí iwájú orí rẹ̀ fi bẹ́. N kò tíì rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo fi ọwọ́ kàn án ní ẹ̀yìn. Ó gbá ọwọ́ mi dà nù.

"Ata mi dúró," ló wí. "Ṣé o gbọ́? Ó dúró! Tiyín sá."

Mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí mo fẹ́ sọ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ajá rẹ̀ dé ìgúnpá mi, ni mo bá lọ fọwọ́.

Ọjọ́ ọgbọ̀n.

Rao Suqin, òmùgọ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè máa kà á.

Mo lọ tú aṣọ ojú egbò Òkúta láàárọ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń bínú sí egbò rẹ̀, ó ń bínú sí mi. Mo fa ahọ́n rẹ̀ wò. Pupa! Etí ahọ́n náà pupa bí ata gbígbẹ, a kò ní í gbé e sínú oòrùn ká tó rí i. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ẹ̀dọ̀ gbígbóná. Mo dúró síbẹ̀, ahọ́n ajá Ou lọ́wọ́ mi.

Mo sáré wálé. Mo fa Ààrá jáde. Ahọ́n rẹ̀ funfun, ó tutù, ó ń ṣomi. Etí rẹ̀ tutù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Iṣan inú itan rẹ̀ ń lù lábẹ́ lọ́hùn-ún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kan egungun kí n tó gbọ́ ọ. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ kiri, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń gbọ̀n, abẹ́ ibùsùn tó ń wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Omi ni! Kíndìnrín, ilé Omi àti ilé ẹ̀rù, ló ti gbẹ lára rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ajá yìí, kì í ṣe pé inú ń bí i. Ẹ̀rù ló fi ń gé ènìyàn jẹ.

Omi ló ń bọ́ Igi, Omi ni ìyá Igi. Odindi ọjọ́ méjìlélógún ni mo fi ń gé ọmọ, tí ọmọ ń fa ìyá gbẹ. Àti egbò kíkorò, àti ẹ̀jẹ̀ etí, àti abẹ́rẹ́, mo ń fi ọwọ́ ara mi sin ajá náà láàyè. Bí bàbá mi bá wà láyé, yóò gba àpò abẹ́rẹ́ mi, yóò sì lù mí níwájú ọjà.

Mo da ìkòkò egbò kíkorò sí ìta, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Mo fọ́ ara mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ààrá ń wò mí látabẹ́ ibùsùn.

Oṣù kẹwàá, ọjọ́ kejì.

Kíndìnrín àgùntàn, ẹ̀wà dúdú, àsálà tí mo gún. Mo wé ewé ai gbígbẹ, ewé tí a fi ń gbé ooru wọ ara, bíi sìgá ńlá, mo tan iná sí i, mo gbé e sún mọ́ ìbàdí rẹ̀ láìjẹ́ kó kan awọ. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sùn. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí i gbẹ̀yìn kó na ẹsẹ̀ sùn.

Alápatà béèrè ta ló ń jẹ kíndìnrín lójoojúmọ́ nílé mi. Mo ní ọkọ mi tuntun ni.

Ọjọ́ kẹjọ. Ìrì Tútù.

Ẹ gbà mí o. Ìmàdò wọ àgbàlá mi!

Òwúrọ̀ ni, mo ń yọ àwùjẹ̀ lọ́gbà, ni odi ẹ̀yìnkùlé wó lulẹ̀. Akọ ni, dúdú, eyín rẹ̀ gùn tó ìka mi. Àwọn ọmọ Ou ló lé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti yìnbọn lù ú lápá, ó sì ń wá ẹni tí yóò gbẹ̀san lára rẹ̀. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ààrá bọ́ síwájú mi. N kò parọ́, Ààrá yìí kan náà! Ó na ìrù sókè, ó gbó mọ́ ọn lójú, ó gbá a létí mú, ìmàdò jù ú sókè, ó já bọ́, ó tún gbá a mú. Kò gbọ̀n rárá.

Mo ráyè wọ ilé, mo mú ọ̀pá ìrẹrù Jiushan tó ní irin lẹ́nu. Mo wá fi í fọ́ ẹranko náà lójú. Mo fi gún un lọ́rùn. Mo ń ké, n ò mọ ohun tí mo ń ké, mo ń lù ú bó ti wù kó rí, ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu, mo ń lù ú nígbà tó ti kú, ó pẹ́ tó ti kú. Èmi ni mo pa á. Kuang ti sáré dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, "Dókítà, ó tó. Ó tó, ẹ jọ̀wọ́."

Nígbà tí mo yíjú wẹ̀yìn, Ààrá ò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọ̀pá sókè báyìí ló ti sá wọ abẹ́ ibùsùn, ó ti tọ̀ síbẹ̀. Kò yé mi. Ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó yẹ kó dúró jẹ ìpín rẹ̀. Kíndìnrín ìmàdò náà ni mo sè fún un.

Kò bẹ̀rù ìmàdò. Kí ló wá ń bà á lẹ́rù? Ó ní láti jẹ́ ìró ìbọn.

Ọjọ́ kẹrìnlá.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Mo mú un dùbúlẹ̀ ní àgbàlá, mo gbé ọwọ́ ìgbálẹ̀ sókè lórí rẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára. Ó tọ̀. Mo tún gbé e, ó fi eyín hàn mí. Gbogbo kíndìnrín àgùntàn yẹn!

Chunmiao wọlé bá wa, ó gbé ìrẹsì àti ẹran gbígbẹ wá. Láti ọjọ́ ìmàdò ló ti ń wá. Ó ní òun fẹ́ mọ obìnrin tó fi ọ̀pá pa ẹran tó pa ẹ̀gbọ́n òun. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ìmàdò yẹn náà. Ó ní kó burú, ará ilé ẹ̀ ni.

"Ẹ gbé ìgbálẹ̀ wá," ló wí.

"Yóò gé ẹ jẹ."

"Ẹ̀yin ti gé mi jẹ rí, n ò kú."

"Ìwọ lo gé mi jẹ, òpùrọ́."

Ó gbé ìgbálẹ̀ sókè lórí Ààrá. Ajá náà wò ó, ó yán. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ààrá gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀. A pe Kuang, òun náà gbé e, ajá ò mira. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Àbí ojú yín ni kò wù ú?" ni Chunmiao wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ajá aláìmoore! Ta ló ń bọ́ ọ? Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rò ó, mo sì rí i pé kò ṣòro. Ilẹ̀ ni Chunmiao, wo bó ti rí gbàǹgbà. Ilẹ̀ ni Kuang náà, àgbẹ̀ ni. Ilẹ̀ ló ń dá Omi dúró kó má ṣàn kiri. Èmi jẹ́ Igi, Igi sì ń mu Omi. Ó bá ẹ̀kọ́ mu rẹ́gí. Chunmiao ni yóò máa wá gbé ìgbálẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún.

Òjò láti àná. Ata gbígbẹ tí mo sá ti bu. Òkúta ti ń rìn. Ou kì í dáhùn bí mo bá kí i.

Ọjọ́ kejìlélógún.

Ààrá dára. Etí rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Ahọ́n rẹ̀ ti ní àwọ̀. Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ kùmọ̀ gidi lónìí, Chunmiao gbé e, Kuang gbé e, ó ń yán.

Mo jí ní ìdájí òní, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Bí mo ṣe dìde jókòó, ó lọ.

Ọjọ́ kẹtàlélógún. Ìrì Dídì.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń kà á, kó forí tì í.

Wọ́n dé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ilé dé ilé ni Ou ń lọ, nítorí àwọn ajá yóò fara wọn ya bí wọ́n bá kó wọn jọ. Wọ́n ti lu méjì pa kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí kùmọ̀ rẹ̀, irun funfun lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, Chunmiao náà wà níbẹ̀. Mo bu tíì fún wọn. Ààrá wà nínú ilé ìkó-igi, mo ti so ó síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ má rí wọn títí n ó fi mú un jáde.

Ou mu tíì rẹ̀ tán. Ó wo àgbàlá mi yíká, ó wo awọ ìmàdò tí mo kàn mọ́ ògiri.

"Ata mi dúró, ó kú," ló wí. "Eléyìí sá, Jiushan kú. Báyìí ni. Ojo ajá, ilé ojo. Jiushan gan-an, mo rò pé òun náà ti yí ẹ̀yìn padà ni, ẹ̀yìn itan ló ti gbọgbẹ́."

Mo gbé ife sílẹ̀, mo rìn lọ sí ilé ìkó-igi. Mo mọ ohun tí mo ń lọ mú. Ọ̀pá ìrẹrù wà lára ògiri, mo sì fẹ́ fi í fọ́ ẹnu Ou Changgeng kó má lè sọ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Mo ti rí i bí yóò ṣe rí. Mo gbé ọ̀pá náà kúrò lórí ìṣó, mo gbé e sókè.

Ààrá gbá mi lápá ọ̀tún mú. Eyín rẹ̀ kan egungun.

N kò ké. N kò mọ ìdí tí n kò fi ké. Mo wo ojú rẹ̀, ó sì wo ojú mi, apá mi lẹ́nu rẹ̀, ìtọ̀ ń ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti rí i rí. Ojú tó fi wò mí lọ́dún tó kọjá nìyẹn, ní àgbàlá yìí kan náà, nígbà tí mo gbé ọ̀pá yìí kan náà sókè lórí rẹ̀. Ẹ̀wù mi wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń fà á lọ sí ọ̀nà òkè.

Ó wá pè mí ni.

Ó sáré láti orí òkè wá pè mí, mo sì mú ọ̀pá. Mo nà án títí apá fi ń ro mí. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni wọ́n tó rí Jiushan, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná.

Mo rọra tẹ̀ ba, mo sì gbé ọ̀pá náà lé ilẹ̀. Bó ṣe kan ilẹ̀ ni ẹnu Ààrá ṣí. Mo fi okùn ìdí ìró di apá mi, mo fa ọwọ́ ẹ̀wù òwú lé e, mo tú okùn ajá, a jáde.

"O pẹ́," ni Ou wí.

"Ó ń tọ̀."

Mo ní kó dùbúlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Okùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, nítorí bí mo bá pààrọ̀ ọwọ́, wọ́n á béèrè. Ou gbé kùmọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan. Ààrá ò wo kùmọ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mo mú ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ nínú ọwọ́ ẹ̀wù, ó ti dé àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kán kan já sílẹ̀, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Chunmiao rí i. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ou jẹ́ kó pẹ́ lókè, ó pẹ́ gan-an, ó pariwo "Hà!" kó lè dẹ́rù bà á. Ojú ajá náà ò kúrò lára ọwọ́ mi. Mo ń bẹ ọwọ́ mi pé kó má mira.

Ou sọ kùmọ̀ kalẹ̀.

"Ó balẹ̀," ló wí. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. "Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò balẹ̀. O ṣiṣẹ́, Suqin."

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba Ou."

Nígbà tí wọ́n jáde tán, Chunmiao ti ilẹ̀kùn. Òun ló rán apá mi, ojú mẹ́sàn-án, ó ń bú mi bó ṣe ń rán an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹ̀wù, ti ọ̀pá, ti ọ̀nà òkè. Mo rò pé yóò gbá mi. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ó gé òwú, ó gbé ọ̀pá ìrẹrù náà, ó ń sunkún, ó lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mo wo ahọ́n ara mi nínú dígí láàárọ̀. N kò ní láti lọ sínú oòrùn kí n tó rí pupa.

Rao Suqin. Igi. Ẹ̀dọ̀ gbóná. Egbò kíkorò, ife mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ méjìlélógún.

Mo ti mu ife kìíní. Ó korò débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ sọ ife mọ́ ògiri. Mo rọra gbé e lé tábìlì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, apá mi nínú aṣọ. Imú Ààrá yọ díẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Mi ò pè é.